Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Kó Ṣáájú Abẹ́rẹ́

Obìnrin tó ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kó tètè tún lóyún ní Ajégúnlẹ̀ ní ìlú Èkó kò ní rìn jìnnà kó tó rí i. Kẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta àdúgbò rẹ̀ yóò ta hóró oògùn fún un kí ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ tó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ilé ìwòsàn ìjọba ní abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, ó ní èyí tí wọ́n ń fi sí apá, ó sì ní èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Bó bá jẹ́ pé apá ibi tí àwọn olówó ń gbé ní Àpápá ni ilé rẹ̀ wà, dókítà aládàáni yóò ṣe é fún un nínú yàrá tútù. Ohun tó wọ́n jù ni ẹni tí yóò fa àga sún mọ́ ọn, tí yóò béèrè ìgbà tó tún fẹ́ bímọ àti bóyá ó tún fẹ́ bímọ rárá, tí yóò wá sọ fún un, láìfi bò, ohun tí oògùn náà yóò ṣe nínú ara rẹ̀, èyí tó dùn mọ́ni àti èyí tí kò dùn mọ́ni. Èrò tèmi ni pé ìjókòó yẹn gan-an ni ìtọ́jú. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí láìbá a jókòó sọ̀rọ̀, ìdajì ìtọ́jú ló gbà, ìdajì tó sì ṣẹ́kù ni yóò mú kó pa ìdajì àkọ́kọ́ tì kí ọdún tó yí po.

Àwọn Yorùbá kò dúró de òyìnbó kí wọ́n tó mọ̀ pé ó yẹ kí àyè wà láàárín ọmọ kan àti àbúrò rẹ̀. Láyé àtijọ́, abiyamọ kì í bá ọkọ rẹ̀ sùn nígbà tí ọmọ bá wà lẹ́nu ọmú, ọdún méjì sí mẹ́ta ni ọmọ sì fi ń mu ọmú. John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat, tí wọ́n ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1977, wọ́n sì fi hàn bí ìtakété yìí ṣe ń fa bíbí sẹ́yìn tó. Àwọn nǹkan mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òrùka, ìgbàdí, gbẹ́rẹ́, àgádágodo tí wọ́n fọ̀ ọfọ̀ sí. Òrùka kò lè dá oyún dúró, ṣùgbọ́n ìtakété lè dá a dúró, àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé pè jọ ní 2005 pàápàá sì sọ pé kí ó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún gbìyànjú oyún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa ṣe ń kà á. Ohun tó gbé àṣà náà dúró ni àwọn ènìyàn tó yí abiyamọ ká. Ìyá ọkọ wà ní tòsí, ọkọ ní yàrá tirẹ̀ tàbí ìyàwó mìíràn, àwọn àgbà obìnrin inú agbo ilé sì ń pe ìyàwó sí kọ̀rọ̀ láti sọ ohun tó yẹ kó mọ̀.

Ajégúnlẹ̀ tú agbo ilé yẹn ká. Èbúté Àpápá pe ènìyàn wá láti ibi gbogbo, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, Igbo, Haúsá, Ègùn, Yorùbá láti òkè, wọ́n sì rọ́ mọ́ra ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, nínú ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ. Yàrá kan ṣoṣo ni tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta ń sùn sí. Ìyá ọkọ wà ní Igbókòdá tàbí ní Warri. Kò sí yàrá tí abiyamọ lè sá sí fún ọdún méjì, kò sì sí àgbà tí yóò pè é sí kọ̀rọ̀. Àga tí àgbà yẹn fi sílẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ìfètò-sọ́mọ-bíbí jókòó lé lónìí, bóyá ó mọ̀ bóyá kò mọ̀. Bí ó bá lò ó bí àga ẹni tó ń ta ọjà, ọjà náà lè tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wáyé lórí àga yẹn kò tíì wáyé.

A ti sa ipá lórí kí oògùn dé ilẹ̀ yìí. Láti 1964 ni wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn kọ́ àwọn ìyálọ́jà bí wọn yóò ṣe máa ta oògùn náà láti orí àtẹ wọn. Nígbà tó di 1989, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládàpọ̀ Ládipọ̀ àti Arábìnrin Grace Délànọ̀ dá ẹgbẹ́ ARFH sílẹ̀ ní ìlú kan náà. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀fẹ́ ni oògùn ìfètò ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ètò NURHI, tí Yunifásítì Johns Hopkins ń darí, tí owó rẹ̀ sì ń wá láti ọ̀dọ̀ àjọ Bill àti Melinda Gates, wọ Èkó ní 2015. Síbẹ̀, ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè ti 2018 rí i pé 12 péré nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2023 sí 2024 rí 15. Nínú ìwádìí kejì yìí, nǹkan bí 21 nínú 100 ni kò fẹ́ lóyún nísinsìnyí tàbí tí kò fẹ́ mọ́ láé, tí kò sì lo ohunkóhun. Èkó sàn ju ìpíndọ́gba yìí lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà níbẹ̀ kò yàtọ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Oògùn wà, ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe kéde. Kí ló wà láàárín àwọn àti oògùn?

Ìbẹ̀rù ló wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Obìnrin gbọ́ pé ará ilé kejì gba abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò yẹn kì í ṣe irọ́. Àwọn onímọ̀ ti wo ọ̀rọ̀ yìí ní Niger àti Gambia, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1992. Ní Niger, nínú 100 obìnrin tó gbà pé ìmọ̀ràn tí wọ́n fún àwọn kò tó, 37 ló tètè pa ọ̀nà ìfètò náà tì. Láàárín àwọn tó ní ìmọ̀ràn náà tó, 19 ni. Ní Gambia, ó jẹ́ 51 sí 14. Àwọn kan lè sọ pé ẹni tí ara ń ni ni yóò máa sọ pé wọn kò gba òun nímọ̀ràn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wo Mexico, níbi tí wọ́n ti pín 350 obìnrin tó ń gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta sí ọ̀nà méjì, tí wọ́n fi ẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún apá kan bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe máa yí padà, tí wọ́n sì ṣe fún apá kejì bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, 43 nínú 100 ló ti dáwọ́ dúró nínú àwọn tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ tó. Láàárín àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, 17. Abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n gbà, láti inú ìgò kan náà. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìwádìí ló rí ìyàtọ̀ tó tóbi báyìí. Àwọn tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ láti wọ̀n wọ́n rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ ìyànjú kan kò mú ohun kankan wá. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ìyànjú kò dọ́gba pẹ̀lú òtítọ́. Ẹni tí wọ́n rán létí pé kó wá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà.

Báwo ni ìjókòó tó dára ṣe ń rí? Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀kùn tí a lè tì. Nínú gbọ̀ngàn tí ènìyàn 40 ń dúró sí, kò sí obìnrin tí yóò sọ pé ọkọ òun ń mutí wálé, tàbí pé òun fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà láàárín òun àti nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè, ìbéèrè sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀kọ́: ọmọ mélòó lẹ ní, ṣé àbíkẹ́yìn yín ṣì ń mu ọmú, ìgbà wo lẹ tún fẹ́ bímọ, kí lẹ ti lò rí, kí ni ojú yín rí nígbà tí ẹ lò ó? Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ ní àwo kan lórí tábìlì, ó sì ń jẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ti apá dà bí igi ìṣáná, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó sì ń tẹ̀. Jadelle jẹ́ igi méjì, ọdún márùn-ún ni. Implanon jẹ́ ẹyọ kan, ọdún mẹ́ta. Ti ilé ọmọ tó ní bàbà lára kò tó ìka ọwọ́ kékeré, ó rí bí lẹ́tà T, ó sì lè lo ọdún 10 sí 12. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti gbọ́ pé ti apá ń rìn lọ sí ọkàn. Bí ó bá mú un lọ́wọ́, tí nọ́ọ̀sì sì fi ìka hàn án ibi tí yóò wà lábẹ́ awọ, níbi tí òun fúnra rẹ̀ yóò ti máa fọwọ́ kàn án, ìbẹ̀rù yẹn a dínkù ju bí wàásù wákàtí kan ṣe lè dín in kù lọ.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí ẹ̀mí ènìyàn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà kò gbọ́dọ̀ lo hóró oògùn tó ní èròjà méjì nínú, nítorí náà kí wọ́n tó kọ ọ́ fún un, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó sì ń fún ọmọ lọ́mú náà kò gbọ́dọ̀ lo oríṣi yẹn ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Oníèròjà kan wà fún un. Rifampicin tí àwọn tó ní ikọ́ ìfe ń lò àti efavirenz tí àwọn kan tó ní kòkòrò HIV ń lò lè mú kí agbára ti apá dínkù. Kẹ́míìsì tó ń ta oògùn láìbéèrè kò lè mọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni ti obìnrin tí wọ́n dá padà sílé pé kó wá nígbà tó bá ń ṣe nǹkan oṣù, kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé kò lóyún. Ó gbé ọmọ pọ̀n wá, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó pa ọjà tì, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Oṣù tó ń bọ̀, ó ti lóyún. Kò sí ìdí fún èyí mọ́. Ìbéèrè mẹ́fà péré ló wà: ṣé kò tíì ju ọjọ́ méje lọ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, ṣé kò tíì bá ọkùnrin sùn láti ìgbà tó ti ṣe é kẹ́yìn, ṣé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó bímọ, ṣé kò tíì ju ọjọ́ méje lọ tí oyún wálẹ̀ lára rẹ̀, ṣé ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tí ó ń mu ọmú nìkan, tí nǹkan oṣù kò sì tíì padà, ṣé ó ti ń lo ọ̀nà tó dájú láìṣe ségesège? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sì sí àmì oyún lára rẹ̀, ó lè gba ohun tó wá gbà lọ́jọ́ náà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kenya, tó jáde ní 1999, fi hàn pé ìbéèrè wọ̀nyí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì.

Orí ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn ti ń kùnà. Ti apá lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa kán nígbà tí a kò retí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta a máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, bó bá sì tó ọdún kan, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń gbà á kì í rí nǹkan oṣù mọ́. Oníbàbà a máa mú kí nǹkan oṣù pọ̀ sí i, kí inú sì máa rò. Ìwé yóò kọ ọ́ pé kò léwu, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí kò léwu fún ara lè ná ènìyàn ní ohun púpọ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ọwọ́ mẹ́ruwà ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ra omi, gálọ́ọ̀nù lórí gálọ́ọ̀nù. Obìnrin tó ń ta ẹja ní ọjà Boundary láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò ní ibi tí yóò ti máa pààrọ̀ aṣọ nǹkan oṣù. Ọ̀pọ̀ ìjọ aláṣọ funfun kì í gba obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù láyè láti wọ ilé ìjọsìn títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kán ní gbogbo ìgbà, ó ti di ẹni tó ń jókòó síta. Mùsùlùmí ní tirẹ̀ yóò máa ṣiyèméjì nípa ìrun àti àwẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òfin ẹ̀sìn náà fúnra rẹ̀ ti ya ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí kì í dá ìrun dúró. Kò pọn dandan kí nọ́ọ̀sì di àlùfáà. Ó kàn yẹ kó béèrè pé: bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kán fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ni yóò bàjẹ́ fún yín? Ìdáhùn obìnrin sí ìbéèrè yẹn ni yóò sọ ọ̀nà tó bá a mu. Kí ó sì sọ fún un pé oògùn wà tó lè dín ẹ̀jẹ̀ náà kù, pé kó padà wá, pé wọn kò ní bá a jà.

Ti ẹ̀jẹ̀ tí kò wá rárá náà ní àlàyé tirẹ̀. Àwọn obìnrin gbà pé ẹ̀jẹ̀ tí kò bá jáde ń gbá jọ sínú, pé òun ló ń di ìjù. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó gbá jọ. Èròjà inú abẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kí ara ilé ọmọ nípọn bó ṣe máa ń nípọn lóṣooṣù, nítorí náà kò sí ohun tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Gbólóhùn méjì péré ni, ó sì yẹ kí obìnrin gbọ́ ọ kí ẹ̀jẹ̀ tó dá, nítorí bí ó bá dá láìjẹ́ pé ó ti gbọ́, ilé aláàgbo ni yóò gbà lọ láti fọ inú.

Ìbẹ̀rù tó jinlẹ̀ jù ni pé ìfètò yóò ti ilé ọmọ pa. Ní àwùjọ tí wọ́n ti ń fi ọmọ pe ìyá, tí Ìyá Bọ̀dé kò ní orúkọ mìíràn lẹ́nu àwọn ará àdúgbò, ìbẹ̀rù yìí tó ìbẹ̀rù. Ìdáhùn rẹ̀ wà, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìdákejì rẹ̀ pamọ́. Àwọn tó kó ìwádìí 22 jọ ní 2018 rí i pé nǹkan bí 83 nínú 100 obìnrin tó dá ìfètò dúró ló lóyún láàárín ọdún kan, yálà hóró oògùn ni wọ́n lò tàbí ti apá tàbí ti ilé ọmọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta a máa pẹ́ lára. Láti ọjọ́ tí obìnrin bá gba èyí tó kẹ́yìn, ó lè tó oṣù mẹ́wàá kí oyún tó dúró. Nítorí náà, obìnrin tó sọ pé òun fẹ́ bímọ lọ́dún tó ń bọ̀, tí nọ́ọ̀sì sì fún ní abẹ́rẹ́ láìsọ èyí fún un, yóò máa sunkún lóṣooṣù, yóò sì sọ fún gbogbo òpópónà Mobil pé wọ́n ti ba ilé ọmọ òun jẹ́. Ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Àwọn nọ́ọ̀sì yóò sọ pé kò sí àyè. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ń wo aláboyún, ó ń kọ ìwé, ènìyàn 30 sì wà níta. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n wákàtí tí a kò lò lónìí, a óò lò ó lọ́la fún obìnrin tó padà wá pẹ̀lú ìbínú, fún oyún tí a kò retí, nígbà mìíràn fún ẹni tí wọ́n gbé dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣẹ́yún níkọ̀kọ̀. A lè ṣàlàyé gbogbo ọ̀nà fún àwùjọ ní gbọ̀ngàn láàárọ̀, pẹ̀lú Píjìn fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, kí ó wá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni yóò kù fún ọ̀rọ̀ àṣírí nínú yàrá. Láti 2014 ni ìlànà orílẹ̀-èdè ti gba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò láyè láti pín nínú iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì àti dókítà ń ṣe, ti apá sì wà lára rẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí ìjọba máa ka ọ̀rọ̀ sísọ mọ́ iṣẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ń ka iye abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún, kò ka iye ìbéèrè tí wọ́n dáhùn, òṣìṣẹ́ sì máa ń ṣe ohun tí wọ́n ń kà.

Iye kíkà yìí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àtakò tó wúwo jù, pé ètò òyìnbó ni láti dín wa kù. Àwọn kan ń fi í ṣẹ̀sín, n kò ní bá wọn ṣe é, nítorí ìtàn fún un ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ní 1988 sọ pé kí obìnrin kan bí ọmọ mẹ́rin mọ, kò sì sọ iye tí ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ bí. Ní ìpàdé ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n ṣe ní London ní 2012, ìjọba wa ṣèlérí pé 36 nínú 100 obìnrin ni yóò máa ṣe ìfètò tó bá di 2018. Nígbà tí kò ṣeé ṣe, wọ́n sọ ọ́ di 27 fún 2020. Àwọn tó ń gbé ètò náà lárugẹ tún ń kọ ọ́ sí wa létí pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Obìnrin tó ń gbọ́ òwe yẹn láti ẹnu òṣìṣẹ́ ìjọba, ní àdúgbò tí ìkún omi ti ń wọlé ní gbogbo òjò, gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn: pé ọmọ rẹ̀ ló fa òṣì rẹ̀. N kò gbà pé ó yẹ kí wọ́n máa pa òwe yẹn ní ilé ìwòsàn. Ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Cairo ní 1994 ti yí ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí iye ènìyàn sí orí ẹ̀tọ́ obìnrin láti yàn, ìjókòó tí mò ń sọ nípa rẹ̀ ni a sì fi ń mọ ẹni tó yí padà ní tòótọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó yí padà lórí ìwé. Ìbéèrè mẹ́rin ló tó láti fi dán an wò: ṣé wọ́n sọ ti àwọn ọ̀nà mìíràn fún yín, ṣé wọ́n sọ ohun tó lè ṣe yín, ṣé wọ́n sọ ohun tí ẹ óò ṣe bí ó bá ṣẹlẹ̀, ṣé wọ́n sọ pé ẹ lè yí i padà sí òmíràn? Ibi tí wọ́n bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni tó wá láti dín wa kù kò rí ibi fẹsẹ̀ sí níbẹ̀. Obìnrin tó bá sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tó sọ pé òun kò fẹ́ ìkankan, ìjókòó yẹn ti yọrí sí rere.

Ti ẹ̀sìn kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì tú omi dànù síta nígbà ayé rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn sì fi ìyẹn gba ìfètò fún tọkọtaya; ìjọ Kátólíìkì kọ oògùn ní 1968, ṣùgbọ́n kò kọ kíka ọjọ́. Fún abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tó ń fún un lọ́mú nìkan tọ̀sán-tòru, tí kò sì tíì rí nǹkan oṣù, ọmú nìkan ń dáàbò bò ó ní ìwọ̀n 98 nínú 100. Ti ọkọ ló le. Kò sí òfin Nàìjíríà tó ní kí obìnrin gba ìwé lọ́wọ́ ọkọ kó tó ṣe ìfètò, síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń béèrè rẹ̀. Ó dára kí ọkọ wá, kí àwọn méjèèjì jókòó. Ṣùgbọ́n obìnrin ni kó sọ bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ní tirẹ̀, tí wọ́n bi pé kí ló ń wá níbí, kò ní padà wá mọ́. Omi iyọ̀ àti ọtí líle tí ọ̀rẹ́ sọ fún un, tí kò lè ṣe nǹkan kan, tàbí Postinor ní kẹ́míìsì, ni yóò máa lò. Postinor wúlò bí a bá tètè lò ó, kó má sì kọjá ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n ohun tí a ń lò nígbà pàjáwìrì ni. Ẹni tó ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílò ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Nǹkan tuntun ti ń dé. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ti ní oríṣi kékeré kan tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrú, tí obìnrin lè fún ara rẹ̀ ní ikùn tàbí itan. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2019 pé kí wọ́n máa kọ́ obìnrin bí yóò ṣe gún un fúnra rẹ̀. Ti ilé ọmọ tó ní èròjà, tó ń dín ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kù dípò kó fi kún un, náà ti ń wọ ilẹ̀ yìí. Ní 2019 kan náà, ìwádìí ECHO, tí obìnrin tó lé ní 7,800 kópa nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin ní Áfíríkà, kò rí ìyàtọ̀ pàtàkì nínú ewu kíkó HIV láàárín abẹ́rẹ́, ti apá àti oníbàbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù ọ̀pọ̀ ọdún rọlẹ̀. Ètò IntegratE, láti 2017 ní Èkó àti Kàdúná, kọ́ àwọn apòògùn àti àwọn oníkẹ́míìsì níṣẹ́ ìfètò. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀. Àmọ́ àwọn kan rò pé abẹ́rẹ́ àfúnra-ẹni yóò mú kí a má nílò nọ́ọ̀sì mọ́, àṣìṣe ni. Obìnrin tó ń gún ara rẹ̀ nínú yàrá ní Àmùkókò kò ní ẹni tí yóò bi ní alẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ohun tó bá mọ̀ ṣáájú ló ní lọ́wọ́. Owó náà sì ti ń fà sẹ́yìn. Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù kìíní 2025, wọ́n ti àjọ ìrànwọ́ rẹ̀, USAID, pa ní oṣù keje, oògùn ìfètò tó tó mílíọ̀nù 9.7 dọ́là tó wà ní ilé ìpamọ́ ní Geel, ní Belgium, ni wọ́n sì sọ pé àwọn yóò jó níná. Nígbà tí ọjà bá wọ́n, ohun tó wà ni wọn yóò máa fún ènìyàn, bó bá a mu bí kò bá a mu. Nọ́ọ̀sì tó bá sọ pé, “Èyí tó yẹ yín kò sí lónìí, ẹ lo rọ́bà títí a ó fi rí i,” ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Yíyọ ni ibi tí òótọ́ ti ń fara hàn. Ti apá tí wọ́n fi sí obìnrin kan lára ní 2021, tó jẹ́ ti ọdún márùn-ún, 2026 ni ó yẹ kó jáde, tàbí ọjọ́ mìíràn tó bá wù ú ṣáájú ìgbà náà. Yíyọ rẹ̀ kì í pẹ́: abẹ́rẹ́ apàrora, ọ̀bẹ kékeré, iná tó mọ́lẹ̀, ọwọ́ tó ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè fi í síni lára pọ̀ ju ẹni tó lè yọ ọ́ lọ, pàápàá bí ó bá ti rì wọ inú ẹran. Láàárín ọdún márùn-ún, onílé ti lè lé obìnrin náà kúrò ní Olódì-Àpápá, ó ti lè kó lọ sí Badagry tàbí Ìkòròdú, nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n ti lè gba ìyípadà. Káàdì kékeré tí wọ́n fún un ni yóò mú dání, bí kò bá bá ìkún omi lọ. Oríṣi èyí tí wọ́n fi sí i, apá tó wà àti ọdún tó máa jáde a máa wà níwájú káàdì náà. Ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n ń yọ ọ́, iye tí wọ́n ń gbà fún ìbọ̀wọ́ àti òwú, àti pé wọn kò ní bi í ní ìdí tó fi fẹ́ yọ ọ́: ó yẹ kí wọ́n kọ ìwọ̀nyí sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í sí i lára, kí wọ́n sì kà á sí i létí kó tó dìde lórí àga.